Ẹ́ńjìnnì Tó Gbé Ọládòṣù Relé

Ohun tó ń rí Àdùfẹ́ lára kò lóǹkà. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ tó fi jẹun gbá a léjìká, ó ń rí i lára. Omi gọ́tà àdúgbò wọn ní Ajégúnlẹ̀, tó máa ń wọlé tọ̀ wọ́n nígbà òjò bí ẹni tó sanwó ilé, ń rí i lára. Ife tí àlejò bá fi mumi, á fọ̀ ọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á tún un fọ̀. Ní ọ́fíìsì wọn ní Warehouse Road, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé àkàrà elépo sórí tábìlì Ìyá Lẹ́yẹ, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tó rí i lára láyé yìí, kò sí èyí tó tó Gbénró, àbúrò ọkọ rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé obìnrin náà kò ṣàṣejù.

Ọládòṣù ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Dírẹ́bà ni. Ó ń wa ọkọ̀ fún òyìnbó kan ní Àpápá GRA, ọ̀gá níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílùú rẹ̀ ní ọdún 1983, ó fi ọkọ̀ tó fi ń ṣe fàájì ta Ọládòṣù lọ́rẹ. Dátsùn onílẹ̀kùn méjì ni, imú gígùn, ìdí kúkúrú, irú èyí tí àwọn ọlọ́mọge máa ń yíjú wò. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Bí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ epo mọ́ ọn lójijì, ìdí rẹ̀ á gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ á sì lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ní Ajégúnlẹ̀! Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí ìfun wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Wọ́n ní àpótí ìjókòó ìyá alákàrà ga jù ú lọ.

Ọládòṣù ò dá wọn lóhùn. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí àwọn tírélà ti sùn, tí Warehouse Road ti dá páropáro, á gbé ìyàwó rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, á máa kọ́ ọ ní wíwà. "Má wo gíà," ni ó máa ń wí. "Fetí sí ẹ́ńjìnnì. Òun fúnra rẹ̀ á sọ fún ọ ìgbà tó fẹ́ kí o yí i." Àdùfẹ́ fetí sí i títí ó fi mọ ohùn rẹ̀ bí ó ti mọ ohùn ọmọ tó bí. Láyé rẹ̀, kò mọ ohun tó mọ́ tó àwọn ọ̀sán yẹn.

Òjò ọdún 1986 ló bà á jẹ́. Omi ya wọ ilé, Ọmọ́lẹ́yẹ ọmọ wọn sì ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Àdùfẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ kíá. Ọládòṣù kò dúró rò ó, ó ki ọkọ̀ bọ inú àgbàrá, ẹ́ńjìnnì sì fa omi mu. Ó dún gbàù lẹ́ẹ̀kan, kò tún dún mọ́. Irin inú rẹ̀ ti kán, ó sì ti lu ara rẹ̀ jáde. Ọládòṣù fi tapólì bo ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kò bínú sí ìyàwó rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ náà rárá, ohun tó sì dun Àdùfẹ́ jù nìyẹn. Ó wù ú kí ó bú òun kí ọ̀rọ̀ tán ńlẹ̀. Kí òjò mìíràn tó dé, ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa ọkùnrin náà.

Ìpẹru ni wọ́n fẹ́ sin ín sí, nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n háyà ọkọ̀ tó ń gbé òkú, èyí tí a ń pè ní áḿbúláńsì. Dátsùn ni òun náà, gígùn gbọọrọ, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti gba pósí. Martins ni orúkọ dírẹ́bà rẹ̀. Àdùfẹ́ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Martins. Gbénró àti Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, jókòó lẹ́yìn ti pósí. Àwọn èèyàn yòókù wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé wọn. Títí wọ́n fi la Ìkòròdú kọjá, ẹ́ńjìnnì náà ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ Àdùfẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìṣíwọ́. Òun nìkan ni kò sọ ìsọkúsọ sí i ní ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe kọjá Ògìjo ni ẹ́ńjìnnì kú. Martins ká apá mọ́yà. "Òkú kọ̀," ni ó wí. "Kò lọ mọ́."

Ta ni kò gbọ́ irú rẹ̀ rí? Gbogbo ẹni tó bá gbé òkú rìnrìn àjò láti Èkó ló mọ̀ pé òkú lè dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Wọ́n bẹ Ọládòṣù. Ọkọ̀ ò mira. Ìgbà náà ni Gbénró sọ̀kalẹ̀, tó gbé etí lé pósí, tó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń bínú," ni ó wí. "Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní ẹni tó bà á jẹ́ ń bẹ níbí. Ìyàwó, ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ."

Àdùfẹ́ kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, obìnrin tí kì í jókòó síbi tí kò bá nù. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Gbénró dúró tì í, ó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní kátíkísìmù, ìyàwó sì ń wí i tẹ̀ lé e: "Bàbá Lẹ́yẹ, màá gbé ọkọ̀ yín dìde. Lọ́jọ́ tí a bá ń ṣe ìrántí ọdún kan yín, òun ni màá gbé wá sí Ìpẹru. Bí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, kí Bọ̀dá Gbénró máa mú un lọ."

Martins bọ́ sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn hó, wọ́n ní Ọládòṣù ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àdùfẹ́ ṣe gba ìbínú òkú sọ́rùn, tó sì ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà. Bó bá ń tẹ̀wé, ó ń rò ó. Bó bá ń fọ ife, ó ń rò ó. Ọkùnrin tí kò bú òun rí láàyè, ó wá kú tán, ó sọ ọ́ níṣojú gbogbo ayé.

Mẹkáníìkì tí ọkọ rẹ̀ ń lò ni ó tọ̀ lọ, Onoriode, ọmọ Ùròbò kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wọn. Onoriode kò fọ́nnu. Ó ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti di irin jákujàku, òmíràn ni kí wọ́n wá. Iṣẹ́ wíwá ẹ́ńjìnnì wá bẹ̀rẹ̀, ìríra sì rí oúnjẹ jẹ.

Ti bọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kí ó mú un, pé spẹ́ẹ̀pátì rẹ̀ wà níbi gbogbo. Onoriode gbé e lé orí táyà àlòkù nílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó fi wáyà so ó mọ́ bátìrì, ó fi rọ́bà fa epo láti inú gálọ́ọ̀nù sí i, ó sì tá a. Ohun náà hú, ó ha, ó tu èéfín dúdú sí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lójú. Àdùfẹ́ fi ìborùn di imú. Ọkọ̀ tó ń fò bí ẹyẹ, kí wọ́n wá fi ẹ̀dọ̀fóró onísìgá sí i láyà? Ó tutọ́ sílẹ̀, ó yísẹ̀ padà.

Ni Gbénró bá gbé tirẹ̀ dé. Ìgbà gbogbo ni ó máa ń yọjú, á gbé etí tapólì sókè, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bí ẹni tó ń lu ìdí màlúù tó fẹ́ rà. Lọ́jọ́ náà, ó mú ẹ́ńjìnnì tọ́kunbọ̀ kan bọ̀ lọ́dọ̀ Uche tó ń ta irin ọkọ̀ ní ẹnu wọ́ọ̀fù. Wọ́n ti fi ọ̀dà fàdákà kùn ún, ó ń dán yinrin. Onoriode yí i ká.

"Ọ̀gá, this one na front e dey pull," ni ó wí. "Ìbú ló ń jókòó, gíà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn ni tiwa ti ń tì. How I wan take turn am?"

"Ìwọ ṣáà gbé e wọlé, kí o fi irin jó o," ni Gbénró wí. Ó wá yíjú sí Àdùfẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó, èmi ń bá ọ wá ire o. Ọjọ́ ń lọ."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá," ni Àdùfẹ́ wí. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹrín yẹn wọ̀ ọ́ lára bí omi gọ́tà. Ó yé e pé ọkùnrin yìí fẹ́ kí ọkọ̀ kú sí ṣọ́ọ̀bù ni, kí òun lè wá fi okùn wọ́ ọ lọ.

Ìrántí ti ń kanlẹ̀kùn nígbà tí Onoriode ránṣẹ́ pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ́ńjìnnì kan wà lórí táyà. "Màdáàmù, ẹ má bèèrè ibi tó ti wá," ni ó wí. "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Ó tá a.

Ó dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìṣíwọ́. Ara Àdùfẹ́ mọ̀ ọ́n kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín, òórùn òdòdó àti fọ́málínì tí wọ́n fi tọ́jú òkú lọ́jọ́ náà padà sí i nímú, ó sì bì síbẹ̀, níṣojú gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù.

"Áḿbúláńsì ni," ni ó wí nígbà tó nu ẹnu tán. "Ti Martins ni."

Onoriode kò jiyàn. Ó ní tírélà ló gbá áḿbúláńsì náà nídìí lọ́nà Kirikiri, ìdí rẹ̀ run, Martins sì ti ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í sáré, wọn kì í sì í lò ó lójoojúmọ́, inú rẹ̀ kò tíì jẹ. Píìsítínì mẹ́fà ni, bíi ti ọkọ̀ Ọládòṣù gẹ́lẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ibi tí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan máa wọ̀ ti wà ńlẹ̀ dè é.

"Ẹ́ńjìnnì tí òkú máa ń dá dúró lójú ọ̀nà!" Àdùfẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. "Èyí tó kú lọ́rùn mi ní Ògìjo! Onoriode, ojú wo lo fi ń wò mí?"

Onoriode nu ọwọ́ sí àkísà. Ó fa wáyà pupa kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó na ìdí rẹ̀ sí i.

"Màdáàmù, this engine no dey die. Na kill dem dey kill am. Wáyà yìí kì í ṣe ti ọkọ̀. Wọ́n fi so iná ẹ́ńjìnnì ni. Súwíìṣì rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, níbi orúnkún dírẹ́bà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú. Ẹ tún un tẹ̀, á jí."

Àdùfẹ́ wo wáyà náà títí. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó sì rìn lọ sí ibi tí Martins ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ tuntun sí.

Ẹ̀bà ni Martins ń jẹ. Ilá ń yọ̀ lórí ìka rẹ̀. Nígbà tí Àdùfẹ́ dárúkọ súwíìṣì fún un, kò tilẹ̀ dáwọ́ jíjẹ dúró.

"Ah, Màdáàmù, ẹ má bínú o. Na work be that, gbogbo wa la ń ṣe é. But that your own no be me o. Bọ̀dá yín ló ní kí n dúró ní Ògìjo. He say na family matter." Ó lá ìka rẹ̀. "Oga wey die, e no vex for anybody. E sleep well well." Ó wá na ọwọ́ ilá yẹn láti fi tù ú nínú léjìká.

Ẹ̀yìn ni Àdùfẹ́ fi rìn jáde níbẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà Kirikiri kí ẹkún tó bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń rí ara rẹ̀ lára pé inú òun ń dùn. Bàbá Lẹ́yẹ kò bínú! Kò bínú rí! Gbénró ló mú ìbínú ti ara rẹ̀, tó fi í sẹ́nu òkú, tó sì jẹ́ kí opó jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Ó ti rí ìdin rí, ó ti rí eku tó rà sínú kànga. Kò tíì rí èyí.

"Gbé e wọlé," ni ó sọ fún Onoriode.

Onoriode fẹ́ gé wáyà pupa náà. Àdùfẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi í sílẹ̀. Gbé súwíìṣì náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi, lápá ilẹ̀kùn."

Kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè, ó fi kẹrosíìnì, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Gbénró ti gbọ́, ó sì ti ń pariwo rẹ̀ ká Ajégúnlẹ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti fi ẹ́ńjìnnì òkú sínú ọkọ̀, pé kí ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ má wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò pé, òun ló kọ́kọ́ jókòó síwájú. Ó ní ẹ̀rí lòun fẹ́ jẹ́. Ó dá a lójú pé ọkọ̀ náà kò ní dé Ìpẹru. Ìyá Àgbà, tó ti wá sí Èkó láti wá mú wọn, ká ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn pẹ̀lú Ọmọ́lẹ́yẹ.

Ọkọ̀ náà lọ bí ìgbà tí Ọládòṣù wà láyé. Àdùfẹ́ kò wo gíà. Lẹ́yìn Ìkòròdú, tí ọ̀nà là sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ epo, ẹ̀yìn gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ìjókòó, Ọmọ́lẹ́yẹ sì kígbe ayọ̀. Gbénró di ilẹ̀kùn mú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n kọjá Ògìjo. Àdùfẹ́ na ọwọ́ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ọkọ̀ rọra yí lọ sí etí ọ̀nà, ó dúró. Àdùfẹ́ kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Bọ̀dá," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ọkọ mi kọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn yín. Ó ní ẹ sọ ọ́ kí Ìyá Àgbà gbọ́."

Ohun tí kò rò ni pé Ìyá Àgbà máa gbà á gbọ́. Arúgbó náà ti bú sẹ́kún lẹ́yìn, ó ti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ọládòṣù, ọmọ mi, má bínú. Kí la tún ṣe? Dákun, jẹ́ ká lọ. Èmi ni mò ń bẹ̀ ọ́, èmi tí mo pọ̀n ọ́." Ọmọ́lẹ́yẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Òógùn bo Gbénró lójú. Ó wo Àdùfẹ́, ó wo ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù níbi orúnkún Àdùfẹ́, ó ń táràrà.

Ìyá Àgbà gbé ẹkún mì. "Gbénró, kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Súwíìṣì ni, Ìyá! Irọ́ ló ń pa, súwíìṣì kan wà níbí tí wọ́n fi ń..." Ọ̀rọ̀ náà dúró sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó wà níbẹ̀?"

Àdùfẹ́ ló dáhùn. Ó sọ nípa wáyà, ó sọ nípa Martins, láìgbé ohùn sókè, láìyọ "ẹ" kúrò lẹ́nu fún àna rẹ̀. Nígbà tó sọ tán, Ìyá Àgbà fi ìdí ìró nu ojú. Kò pariwo.

"Sọ̀kalẹ̀," ni ó sọ fún Gbénró.

Gbénró sọ̀kalẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná, níbi tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́sí. Ó ní òun fẹ́ ṣàlàyé. Ìyá Àgbà na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Àdùfẹ́ ti ń retí ọjọ́ yìí. Ó ti rò pé inú òun máa mọ́ bí ife tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo dígí, ó rí ojú arúgbó náà, pupa, tó wú.

"Ìwọ náà, ìyàwó," ni Ìyá Àgbà wí. "O jókòó, o jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́."

Àdùfẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà pupa náà já tìdí-tìdí, ó jù ú sínú igbó. Ó padà wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó nu ọwọ́ tó fi fa wáyà náà sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, ó wò ó, ó tún un nù. Títí wọ́n fi dé Ìpẹru, bó bá ti yí gíà tán, á tún nu ọwọ́ náà sí aṣọ.